Michael Faraday

Michael Faraday (22 Oṣù Kẹsàn-án, 1791 – 25 Oṣù Kẹjọ, 1867) jẹ́ onímọ̀ kẹ́míṣírì àti físíìsì, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ó fi ìwọ̀n hàn pé iye iná mànàmáná tí ó bá gba inú omi èròjà kọjá ni ó ń pinnu iye èròjà tí yóò jáde. Òfin yìí bá ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà mú ìdọ́gba redox wà déédéé tan. Redox ni ìgbésẹ̀ kẹ́míkà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ti ń kúrò lára èròjà kan bọ́ sára òmíràn. Faraday kò gbọ́ orúkọ ẹ̀lẹ́kítírọ́nù rí, nítorí ó ti kú ní 30 ọdún kí J. J. Thomson tó ṣàwárí rẹ̀ ní 1897.

Ìgbà èwe

Wọ́n bí Faraday ní Newington Butts, tí ó ti di apá kan ìlú London. Alágbẹ̀dẹ ni James, bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n àìlera kò jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ déédéé, ebi kò sì ṣàjèjì sí ilé wọn. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò díẹ̀ ni ọmọ náà rí kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 14, ó di ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ George Riebau, oníṣẹ́ ìdìwé àti ìtàwé, fún ọdún 7. Àwọn ìwé tí àwọn oníbàárà gbé wá fún dídì ni ó sọ di olùkọ́; lára wọn ni ìwé kẹ́míṣírì tí Jane Marcet kọ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dọ̀ Davy

Ní 1812, oníbàárà kan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Humphry Davy ní Royal Institution. Faraday kọ gbogbo ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, ó ya àwòrán sí i, ó dì í ní ìwé, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Davy pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́. Ní Oṣù Kẹta, 1813, wọ́n gbà á sí yàrá ìṣèwádìí. Lọ́dún yẹn kan náà ni ó bá Davy àti ìyàwó rẹ̀ rin ìrìn àjò lọ sí Yúróòpù. Ìránṣẹ́ Davy kọ̀ láti lọ, wọ́n sì ní kí Faraday bá wọn ṣe iṣẹ́ náà fúngbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ náà di ọdún kan àti ààbọ̀. Ìyàwó Davy ń lò ó bí ọmọ ọ̀dọ̀, ó sì kù díẹ̀ kí ó padà sílé. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò yìí ni ó mú un pàdé Alessandro Volta, ẹni tí ó ṣe bátìrì àkọ́kọ́. Nígbà tí Royal Society fẹ́ gbà á wọlé ní 1824, Davy tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà takò ó, síbẹ̀ wọ́n gbà á.

Iná mànàmáná àti èròjà

Ó ṣàwárí bẹ́nsíìnì ní 1825. Ní 1831 ó fi hàn pé irin òòfà tí ń rìn nínú wáyà tí a ká lè mú iná jáde, èyí tí àwọn jẹnẹrétọ̀ ṣì ń lò títí di òní.

Iṣẹ́ tí ó kan kẹ́míṣírì jù ni ó ṣe ní 1833 àti 1834. Bí a bá ri irin méjì bọ inú omi kọ́pà sọ́fétì aláwọ̀ aró, tí a sì so wọ́n mọ́ bátìrì, bàbà yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀kan. Faraday wọn ohun tí ó ń jáde, ó sì rí i pé bí iná bá di ìlọ́po méjì, èròjà náà yóò di ìlọ́po méjì. Ó tún rí i pé iná kan náà ń mú ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jáde lára èròjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọ̀nyí kò yí padà. Bí a bá fi òǹkà òde òní ṣe é, nǹkan bí 96,500 kúlọ́ọ̀mù yóò mú gíráàmù 108 fàdákà jáde, ṣùgbọ́n gíráàmù 31.8 péré ni ti bàbà. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kan tó fún áíọ́nù fàdákà, nígbà tí ti bàbà nílò méjì:

Ag⁺ + e⁻ → Ag
Cu²⁺ + 2e⁻ → Cu

William Whewell ti Cambridge bá a wá orúkọ fún àwọn nǹkan tuntun wọ̀nyí: anode, cathode, ion. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ti pín sí ojú ibi méjì tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn. Ní anode èròjà ń pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́nù. Ní cathode òmíràn ń gbà á.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Faraday fẹ́ Sarah Barnard ní 1821. Wọn kò bímọ. Ó kọ oyè Sir, ó sì kọ ipò ààrẹ Royal Society. Ọpọlọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan lẹ́yìn tí ó ti ṣe àṣekára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kú ní Hampton Court, wọ́n sì sin ín sí Highgate.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Redox ti wà ní agbègbè Ọ̀yọ́ kí ilé ẹ̀kọ́ tó dé. Ní 1904, C. V. Bellamy, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, tẹ àpilẹ̀kọ jáde nípa ìleru tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń yọ irin. Èédú inú ìleru ń gba ọ́síjìn kúrò lára òkúta irin, irin sì ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nù padà. Irú irin bẹ́ẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ.

Lónìí, ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú méjèèjì àti ní Yunifásítì Ladoke Akintola tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1990, inú bùrẹ́ẹ̀tì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń pàdé rẹ̀. Pòtásíọ̀mù pẹ̀mángánéètì aláwọ̀ elésè àlùkò ń kán sínú omi áíọ́nù irin tí ásíìdì wà nínú rẹ̀, àwọ̀ náà sì ń pòórá. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ọ́ báyìí:

MnO₄⁻ + Fe²⁺ + 8H⁺ → Mn²⁺ + Fe³⁺ + 4H₂O

Átọ́ọ̀mù pé, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni. Ṣáájì apá òsì jẹ́ +9, ti apá ọ̀tún jẹ́ +5. Kíka átọ́ọ̀mù nìkan kò lè tú àṣìṣe yìí fó. Àfi kí a pín in sí méjì, gẹ́gẹ́ bí irin méjì Faraday ti pín in:

MnO₄⁻ + 8H⁺ + 5e⁻ → Mn²⁺ + 4H₂O
Fe²⁺ → Fe³⁺ + e⁻

Ìdajì òkè ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nù 5, ti ìsàlẹ̀ ń fi 1 sílẹ̀. Nítorí náà a ó sọ ìdajì ìsàlẹ̀ di ìlọ́po 5, a ó sì ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù lè pa ara wọn rẹ́:

MnO₄⁻ + 5Fe²⁺ + 8H⁺ → Mn²⁺ + 5Fe³⁺ + 4H₂O

Ṣáájì apá méjèèjì wá di +17.