Ojú ọdẹ ni ikú ká Lọ́ọ̀dù Ripon mọ́

Ọdún 1852 ni wọ́n bí Frederick Oliver Robinson. Bàbá rẹ̀ ṣe aṣojú Ọbabìnrin Victoria ní Íńdíà, àmọ́ ìbọn lọmọ gbájú mọ́. Ọdún 1909 tí bàbá kú ló jogún oyè Ripon.

Purdey, àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ní Lọ́ńdọ̀nù, ló rọ ìbọn ẹlẹ́nu méjì fún un. Mẹ́ta ló ń lò pọ̀: bó bá ń yin ọ̀kan, ẹni méjì a máa ki ìyókù dè é. Gbogbo ohun tó pa ló ń kọ sílẹ̀. Láti 1867 títí dé 1923, wọ́n jẹ́ 556,813. Ta ni yóò jẹ gbogbo ẹran yẹn tán!

Lọ́jọ́ 22, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1923, ó ti pa ẹyẹ 52 láàárọ̀ kó tó ṣubú lulẹ̀, tó sì kú. Kò bímọ, oyè ìdílé wọn sì tibẹ̀ parí.