Ìtàn Ayé Àìná Ọnàbólú, Ayàwòrán

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ó tọ́ kí olúkúlùkù ẹni tí ń múra láti di olùkọ́ mọ ìtàn ọkùnrin yìí. Ní ìgbà èwe rẹ̀, kò rí olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Síbẹ̀, òun ni ó di olùkọ́ iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ.

Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí Àìná Ọnàbólú sí ní ọdún 1882. Ní àkókò náà, a kì í kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní àwòrán yíyà. Nítorí náà, àwọn àwòrán tí ó wà nínú ìwé àti ìwé ìròyìn ìlú òyìnbó ni ọmọ náà sọ di olùkọ́ rẹ̀. Ó ń wò wọ́n, ó sì ń dà wọ́n kọ, títí ọwọ́ rẹ̀ fi lè ṣe ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú tín-ín-rín wo irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń da àwòrán kọ ń kọ́ bí orí ti tóbi tó sí ara, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà sí, àti ibi tí òjìji ti bẹ̀rẹ̀. Vincent van Gogh, ará Họ́láńdì, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1889 àti 1890, ó fi ọ̀dà olóròóró da àwòrán àwọn òṣìṣẹ́ oko tí Millet, ará Faransé, ti yà ṣáájú rẹ̀ kọ. Àwòrán títẹ̀ aláwọ̀ dúdú àti funfun ni ó wà níwájú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì wá àwọ̀ sí i. Ìṣòro ti Ọnàbólú ju èyí lọ. Ojú òyìnbó ni ó kún inú ìwé tí ó ń wò. Ìwé náà kò lè kọ́ ọ bí a ti ń po ọ̀dà tí yóò bá ara ènìyàn dúdú mu. Ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn tí ó yí i ká ni ó ní láti kọ́ ìyẹn.

Ó lọ sí Èkó, ó sì di akọ̀wé kọ́sítọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni ó ń ya àwòrán. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà náà rò pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju agbára ènìyàn dúdú lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi dá wọn lóhùn. Ní 1906 ó ya Ìyáàfin Spencer Savage. Ní 1920 ó fi ọ̀dà olóròóró ya Dókítà Sápárà, oníṣègùn tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Èkó.

Ní ọdún 1920 kan náà ni ó lọ sí London. Ó ti tó ẹni ọdún 38, síbẹ̀ kò tijú láti tún di ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ó gba ìwé ẹ̀rí ní ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán ti St John's Wood ní 1922, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ ní Académie Julian ní Paris pẹ̀lú.

Nígbà tí ó padà wálé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Èkó. King's College àti CMS Grammar School wà lára wọn. Ó ń kọ́ wọn ní ìdí tí ọ̀nà gbígbòòrò fi ń dà bí okùn tín-ín-rín lójú wa bí ó ti ń jìnnà lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ó rọ ìjọba pé kí wọ́n fi olùkọ́ mìíràn kún un, Kenneth Murray sì dé láti England ní 1927. Èrò àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Murray fẹ́ kí àwọn ọmọ di iṣẹ́ ọnà àwọn baba wọn mú. Ọnàbólú sì gbà pé kò yẹ kí a fi ìmọ̀ kankan du ọmọ dúdú.

Àwa ará Èkìtì ní ohun tí a lè fi wọn ọ̀ràn yìí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ òyìnbó aláṣẹ, Captain Ambrose, sí i, bí àwọn ènìyàn ti gbé e, pẹ̀lú àwọn aláàárù tí ó ru ẹrù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa ni ó fi ṣe iṣẹ́. Ní 1924, a pàtẹ ilẹ̀kùn náà ní Wembley, ní London, British Museum sì gbà á. Ọlọ́wẹ̀ di ọ̀bẹ mú, Ọnàbólú di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tiwa ni àwọn méjèèjì fi hàn fún ayé.

Ọnàbólú kú ní ọdún 1963. Bí a bá rán wa lọ kọ́ni ní abúlé, tí a sì rí ọmọ tí ń da àwòrán inú ìwé kọ, kí a má ṣe fi í ṣẹ̀sín, kí a má sì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ iṣẹ́ náà, kí a ní kí ó pa ìwé dé, kí ó sì ya baba rẹ̀ tí ń kọ ebè, àti ìyá rẹ̀ tí ń gún iyán.