Àlímótù Pẹlẹwura: Olórí Ọjà tí ó Kọ Owó Orí Obìnrin ní Èkó

Ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mé jẹ. Láti ayébáyé ni àwọn obìnrin ọjà nílẹ̀ Yorùbá ti ń ní olórí tí ń parí aáwọ̀ láàárín wọn, tí ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ wọn dé iwájú ọba. Àwọn tí ń ná ọjà ní Ifákọ̀, ní Kétu àti ní Ìkòsì lónìí mọ bí ipò náà ti wúwo tó. Nínú àwọn tí ó jẹ́ olórí bẹ́ẹ̀ ní Èkó, orúkọ Àlímótù Pẹlẹwura kò ṣeé gbàgbé.

Ẹja ni obìnrin yìí ń tà, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń tà á. Mùsùlùmí ni, kò sì mọ̀wé kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Síbẹ̀, ọgbọ́n àti òótọ́ inú rẹ̀ mú kí Ọba Èṣùgbàyí Elékòó fi oyè dá a lọ́lá ní ọdún 1910. Ó di olórí ọjà Eréko, lẹ́yìn náà ó sì di olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí Herbert Macaulay jẹ́ alátìlẹ́yìn pàtàkì fún. Nígbà tí ìjọba fẹ́ ṣí ọjà Eréko lọ sí Olúwọlé láàárín ọdún 1930 sí 1940, Pẹlẹwura kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tú jáde títí a fi dá a sílẹ̀.

Ní ọdún 1932 ni a kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé ìjọba fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Èkó. Àwọn aṣojú ọlọ́jà lọ bá aláṣẹ ìjọba, ó sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́jọ kọjá, ìlérí náà yẹ̀. Ní ọdún 1940, nígbà tí ogun ńlá ń jà lágbàáyé, òfin jáde pé obìnrin tí owó rẹ̀ bá ju £50 lọ́dún yóò san owó orí. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kankan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò nígbà náà. Àwọn ọkùnrin tí ń rí £100 lọ́dún nìkan ni òfin fún ní ìbò. Ẹni tí kò ní ohùn nínú ìlú ni wọ́n fẹ́ kí ó máa dá owó ìlú.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Disẹ́ńbà, àwọn obìnrin tí ó lé ní 100 lọ sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà Èkó. Wọ́n mú ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí àwọn obìnrin tí ó lé ní 200 tẹ ìka sí. Ní ọjọ́ 18, wọ́n ti ọjà, wọ́n sì rọ́ lọ sí gbọ̀ngàn Glover fún ìpàdé ńlá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní gbangba pé gbígba owó orí lọ́wọ́ obìnrin lòdì sí àṣà ìlú, pé ogun ti mú kí ọjà dá, àti pé àwọn ni ń bọ́ ọmọ àti ẹbí. Ìjọba kò lè di etí mọ́. Ó gbé £50 náà gòkè sí £200, ìwọ̀nba obìnrin díẹ̀ ni òfin náà sì bá mọ́.

Ìjà kò tán síbẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gágun Pullen ń fi agbára dá iye lé oúnjẹ ní àkókò ogun, wọ́n fi owó oṣù lọ Pẹlẹwura kí ó lè bá wọn pàrọwà fún àwọn ọlọ́jà. Ó kọ̀ ọ́, nítorí kò fẹ́ ta àwọn tí ó gbé e dépò. Ní ọdún 1945, ètò náà fọ́.

Ní ọdún 1947 wọ́n yàn án sí ipò Erelú, ṣùgbọ́n ọlọ́jọ́ dé ní ọdún 1951 kí wọ́n tó fi í jẹ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó tẹ̀ lé òkú rẹ̀ dé ibojì. Ẹni tí kò ka ìwé òfin rí ni ó kọ́ àwọn amòfin pé olórí kì í gba owó lórí ẹnu àwọn tí ó ń ṣojú fún.