Caroline Norton

Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹta, ọdún 1808 ni a bí Caroline Sheridan ní ìlú London. Baba baba rẹ̀ ni Richard Brinsley Sheridan, òǹkọ̀wé eré tí òkìkí rẹ̀ kàn, tí ó sì tún jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Òkìkí wà ní ìdílé náà, ṣùgbọ́n owó kò sí. Ní ọdún 1817 baba Caroline kú ní ìhà gúúsù Áfíríkà, ó sì fi opó àti àwọn ọmọ sílẹ̀ nínú àìní. Nítorí náà, nígbà tí amòfin kan tí ń jẹ́ George Norton wá tọrọ Caroline, àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà fún un. Ní ọdún 1827 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 19.

Kò ju nǹkan bí oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà tí ọkọ rẹ̀ fi fi ẹsẹ̀ gbá a nítorí ọ̀rọ̀ lásán. Láti ìgbà náà ni lílù ti wọ inú ilé náà. Ní ọjọ́ kan, ó gbé ìkòkò omi gbígbóná lé aya rẹ̀ lọ́wọ́, ọwọ́ sì jó. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ní ọdún 1831 George di adájọ́ ilé-ẹjọ́ kékeré ní London: ẹni tí ń dá ẹjọ́ àwọn oníjà ìgboro ni ó ń lu aya ní ìyẹ̀wù ara rẹ̀.

Kí ni ó dá Caroline dúró? Lójú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ayé ìgbà náà, ọkọ àti aya di ẹnì kan ṣoṣo, ọkọ sì ni ẹni náà. Òun ni ó ni owó tí aya bá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí. Aya kò lè pe ẹjọ́ ní orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ pàápàá, ti baba ni.

Ní ọdún 1836 ọ̀ràn náà bẹ́. George kó àwọn ọmọkùnrin wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Èyí tí ó dàgbà jù kò tí ì pé ọdún méje. Ó tún pe Lord Melbourne, olórí ìjọba, lẹ́jọ́ pé ó bá aya òun ṣe panṣágà. Ilé-ẹjọ́ dá Melbourne láre. Ṣùgbọ́n Caroline, ẹni tí a bà lórúkọ jẹ́, kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, a kò sì dá àwọn ọmọ rẹ̀ padà fún un.

Abiyamọ náà kò fi ẹkún pa ara rẹ̀. Kálàmù ni ó gbé. Ó kọ ìwé pélébé pélébé, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin. Ní ọdún 1839 òfin titun jáde pé ìyá lè tọrọ ní ilé-ẹjọ́ pé kí àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tí ì pé ọdún méje wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àṣé àwọn ọmọ tirẹ̀ ti wà ní Scotland, níbi tí òfin náà kò dé. Ní ọdún 1842 àbíkẹ́yìn rẹ̀, William, ṣubú lórí ẹṣin. Kí ìyá rẹ̀ tó dé, ó ti kú.

Ní ọdún 1854 àti 1855 ó tún kọ ìwé, èyí tí ó kẹ́yìn sí Ọbabìnrin Victoria, ó sì tú àṣírí ìlùkulù tí ojú ń ti àwọn ẹlòmíràn láti sọ. Kò sọ pé obìnrin bá ọkùnrin dọ́gba. Ààbò òfin ni ó bèèrè fún. Òfin ọdún 1857 gbà pé aya tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀ lè ní owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

George kú ní ọdún 1875. Ní ọdún 1877 Caroline fẹ́ ọkọ mìíràn, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún náà ó fi ayé sílẹ̀. Ní ọdún 1878, lẹ́yìn ìsapá Frances Power Cobbe, òfin fún aya tí a bá lù ní ìlùkulù ní ẹ̀tọ́ láti kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Àwọn adájọ́ kékeré ni a fi àṣẹ náà lé lọ́wọ́, irú ipò tí George Norton ti wà rí.