Haile Selassie: Ọba tí Kò Gbẹ̀san

A bí Tafari Makonnen ní ọdún 1892 ní agbègbè Harar, ilẹ̀ Etiópíà. Nígbà tí ó gun orí ìtẹ́ ní 1930, ó gba orúkọ Haile Selassie, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe Agbára Mẹ́talọ́kan.

Ní 1935, àwọn ọmọ ogun Ítálì gbógun ti ilẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ǹbù àti gáàsì olóró. Ọba lọ sí ìgbèkùn ní 1936. Ó bẹ Àjọ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ní Geneva, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, 1941, ó pé ọdún márùn-ún gan-an tí ọ̀tá gba Addis Ababa. Ọjọ́ náà ni ọba padà wọ ìlú. Ọ̀pọ̀ ará Ítálì ṣì wà níbẹ̀, aráàlú kò sì gbàgbé àwọn ènìyàn wọn tí a pa nípakúpa ní 1937. Síbẹ̀ ọba kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi búburú san búburú.

Òpin rẹ̀ kò dùn. Ìyàn mú ní Wollo ní 1973, ìjọba rẹ̀ kò sì tètè dìde. Àwọn ológun yọ ọ́ lóyè ní 1974. Ó kú ní àhámọ́ wọn ní 1975.

Kí Olúwa kọ́ àwọn olórí wa láti dárí ji ọ̀tá, kí wọn má sì gbàgbé ẹni tí ebi ń pa.