Ladi Kwali, Amọ̀kòkò Abuja

Bí ẹ bá yí owó ogún náírà sí ẹ̀yìn, ẹ ó rí obìnrin kan nídìí iṣẹ́ ìkòkò. Ladi Kwali ni. Ọmọ Gbagyi ni, ẹ̀yà tí àwọn Hausa ń pè ní Gwari. Ní nǹkan bí ọdún 1925 ni a bí i ní Kwali, tí ó wà ní àgbègbè Olú-Ìlú Àpapọ̀ lónìí. Láti kékeré ni ó ti kọ́ iṣẹ́ amọ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan nínú ẹbí rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ìyá amọ̀kòkò nílẹ̀ Yorùbá, kò lo kẹ̀kẹ́ tí ń yí amọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń rìn yí ìkòkò ká, tí ó ń to amọ̀ gígùn bí okùn léra wọn, tí ó sì ń fín alángbá, àkekèé àti ọ̀ọ̀nì sí i lára.

Ní ọdún 1950, òyìnbó amọ̀kòkò kan, Michael Cardew, rí ìkòkò rẹ̀ ní ààfin Emir Abuja, Suleimanu Barau. (Abuja ìgbà náà ni Suleja òní, orúkọ rẹ̀ ni ìjọba gbà fún olú-ìlú tuntun ní ọdún 1976.) Cardew dá ilé ẹ̀kọ́ amọ̀kòkò sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1952. Ọkùnrin nìkan ni ó wà níbẹ̀ títí Ladi fi wọlé ní 1954.

Iná ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti Kwali. Iná ìta gbangba kì í sábà dé 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti inú ìléru Cardew ń lọ sí nǹkan bí 1,300. Ooru yìí ni ó ń sọ òkúta tí a lọ̀ kúnná, tí a pò bí ẹ̀kọ, tí a sì fi kun ìkòkò, di dígí. Láti Baghdad dé Itálì, tánńganran, irú èyí tí a ń wà ní Jos, ni àwọn amọ̀kòkò àtijọ́ ń sun di lẹ́búlẹ́bú láti sọ irú dígí bẹ́ẹ̀ di funfun. Ṣùgbọ́n funfun tánńganran a máa bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Ìbá ti gbé alángbá Ladi mì. Irin díẹ̀ ni ó fún ìkòkò Abuja ní àwọ̀ ewé tí a mọ̀ ọ́n sí. Bí a bá fún iná lọ́rùn tí afẹ́fẹ́ kò tó o, èéfín a máa fa ọ́síjìn kúrò lára ìpẹtà irin, pupa rẹ̀ a sì di àwọ̀ ewé tí ojú ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ohun tí Ladi fín ni ó hàn kedere.

Àdánù kan wà níbẹ̀. Àmù Gbagyi a máa làágùn. Òógùn yẹn ni ó ń mú omi inú rẹ̀ tutù. Ìkòkò tí dígí bò kò lè làágùn mọ́. Iṣẹ́ tí ó ń pèsè omi tútù fún ará ilé wá di ohun àfihàn fún àwọn olówó: London rí i ní 1958, 1959 àti 1962, Amẹ́ríkà sì rí Ladi fúnra rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní 1972. Síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ mọ kẹ̀kẹ́ lò dáadáa, ọwọ́ ni ó fi ń mọ àwọn ìkòkò ńlá rẹ̀.

Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977. Ìjọba àpapọ̀ fún un ní ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè ní 1980 àti 1981. Amọ̀ ni ó fi gbà wọ́n, kì í ṣe ìwé. Ní Minna ni ó kú sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1984, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìkòkò Suleja.