Pop Yoshimura: Ìtàn mẹkáníìkì tí àwọn tó ń fi alùpùpù sáré ìje gbé ẹ̀mí wọn lé lọ́wọ́

Bí èèyàn bá wọ ọjà Kantamanto nílùú Accra, lórílẹ̀-èdè Ghana, aṣọ òkìrìkà ni yóò kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù náà ń pàtẹ, ẹni tó sì ní ọkọ̀ tàbí alùpùpù àtijọ́ mọ ìwúlò irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò ṣe mọ́, ó lè wà nínú àpótí ẹnìkan.

Àmọ́ ohun kan wà tí èèyàn kò lè rí rà lórí tábìlì ẹnikẹ́ni, yálà ní Kantamanto, ní Abossey Okai tàbí ní Ladipo nílùú Èkó. Ohun náà ni mẹkáníìkì tó ṣe é fọkàn tán.

Ọ̀rọ̀ náà tún wá le fún ẹni tó ní alùpùpù àtijọ́ tí wọ́n fi ń sáré ìje. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lè yí tó ìgbà 9,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹni tó tò ó bá gbàgbé láti de nọ́ọ̀tì kan dáadáa, kì í ṣe òun ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹni tó jókòó lé alùpùpù náà lórí ni.

Ìdí nìyí tí orúkọ Hideo Yoshimura, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Pop, kò fi kúrò lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn alùpùpù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti jáde láyé.

Ta ni Pop Yoshimura?

Ọjọ́ keje, oṣù Kẹwàá, ọdún 1922 ni wọ́n bí i nílùú Fukuoka, lórílẹ̀-èdè Japan. Kì í ṣe alùpùpù ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọkọ̀ òfúrufú ló fẹ́ máa wà.

Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi wọ ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Japan ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ òfúrufú. Ibẹ̀ ni ìjàm̀bá ti ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi agbòòrùn bàlúù fò sílẹ̀ láti òkè. Ó fara pa gidi, àlá pé yóò di awakọ̀ òfúrufú sì parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò padà sílé. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì di ẹni tó ń bójú tó ẹ́ńjìnnì bàlúù nígbà tí bàlúù bá wà lókè. Iṣẹ́ yìí ló ń ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í fi ẹ́ńjìnnì ṣeré. Bí mọ́tò bá kú lójú ọ̀nà, èèyàn lè tì í sí ẹ̀gbẹ́ títì. Bí ẹ́ńjìnnì bàlúù bá kú lókè òkun, kò sí ẹ̀gbẹ́ títì kankan. Mẹkáníìkì àti àwọn tó gbára lé iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò jọ ṣègbé.

Àwọn ọ̀tá àná di oníbàárà

Lọ́dún 1945, Japan fìdí rẹmi lójú ogun. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọ orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì tẹ̀dó sí àwọn ibùdó káàkiri. Ọ̀kan nínú àwọn ibùdó yìí ni Itazuke, tó wà lẹ́bàá Fukuoka.

Lọ́dún 1954, Yoshimura ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún alùpùpù ṣe. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ní alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn láti máa fi alùpùpù wọn díje, olúkúlùkù sì fẹ́ kí tirẹ̀ yára ju ti ẹnìkejì lọ.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi tàn pé ẹ́ńjìnnì tó bá ti ọwọ́ ọkùnrin Japan yìí jáde kì í dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ogun náà ló fún un lórúkọ Pop, ìyẹn bí ọmọ ṣe máa ń pe bàbá rẹ̀ lédè wọn. Nǹkan bí ọdún méjìlélọ́gbọ̀n péré ni ó jẹ́ nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí.

Ó yẹ ká wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ọdún mẹ́sàn-án péré ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀tá ni wọ́n jẹ́ síra wọn. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun náà gùn orí ẹ́ńjìnnì tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò, wọ́n sì sá a ní àsápajúdé. Kò sí ìwé ẹ̀rí kankan tó fi hàn wọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Láàárín àwọn ọdún 1960, ó kó ìdílé àti irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí agbègbè Tokyo. Ní àkókò yìí, alùpùpù Honda ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí jù. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀, Mamoru Moriwaki, fẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀, ó sì wá dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1973.

Kí ló ń ṣe sí ẹ́ńjìnnì?

Nínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá kan wà tí wọ́n ń pè ní camshaft. Ọ̀pá yìí ní àwọn ibi tó wú bíi iké. Bó ṣe ń yí, àwọn iké náà ló ń ti fáàfù kí ó ṣí, kí afẹ́fẹ́ àti epo lè wọlé, kí èéfín sì lè jáde.

Bí iké náà bá ga sí i, tí ó sì fẹ̀ sí i, fáàfù yóò ṣí pẹ́, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ yóò wọlé, agbára yóò sì pọ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ṣe é ní àṣejù, fáàfù yóò gbá písítìnì, gbogbo ẹ́ńjìnnì yóò sì fọ́ yángá.

Pop ò dúró de kí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe camshaft tuntun fún un. Ó máa ń jó irin mọ́ ti àtijọ́, yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ ọ́ títí tí yóò fi rí bí ó ṣe fẹ́.

Nígbà tí Honda gbé CB750 jáde lọ́dún 1969, sálẹ́ńsà mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Pop wà lára àwọn tó kọ́kọ́ so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sójú kan fún eré ìje. Ó fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èéfín tó ń jáde láti inú sílíńdà kan sì ń ṣèrànwọ́ láti fa ti èkejì jáde. Lónìí, irú sálẹ́ńsà yìí wà lára alùpùpù káàkiri àgbáyé.

Ẹni tí ayé fọkàn tán náà rí ìjákulẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Pop gbájú mọ́ Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1972, Gary Fisher fi CB750 tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ṣíwájú níbi ìdíje Daytona ní ìpínlẹ̀ Florida, kí alùpùpù náà tó dákú mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́dún 1973, Yvon Duhamel gun Kawasaki Z1 tí Pop ṣiṣẹ́ lé lórí yí pápá Daytona kan náà ká. Eré rẹ̀ lé ní kìlómítà 257 láàárín wákàtí kan, ìyẹn sì jẹ́ àkọsílẹ̀ tuntun.

Ṣùgbọ́n ibi tí iná ti ń jó ni òjò ti ń rọ̀. Ọkùnrin tí gbogbo èèyàn ń gbé ẹ́ńjìnnì lé lọ́wọ́ láìbẹ̀rù ò rí alábàáṣiṣẹ́pọ̀ tí òun náà lè gbé owó àti orúkọ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mọ ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn àti ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ó padà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló tún dá sílẹ̀ ní California.

Lọ́dún 1977, àjálù mìíràn dé. Iná sọ níbi iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì jóná. Ọwọ́ yìí kan náà ló fi ń lọ camshaft.

Àwọn ará Kantamanto yóò mọ bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Lóru ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 2025, iná jó apá tó pọ̀ jù nínú ọjà wọn, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà sì pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n ní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kan pákó, tí wọ́n sì ń pàtẹ padà.

Ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù kékeré borí Honda

Lákòókò yìí, Suzuki ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe alùpùpù ńlá oní-sílíńdà mẹ́rin tí kì í po epo pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ìyẹn GS750. Etsuo Yokouchi, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹnjiníà wọn, gbà láti bá Pop ṣiṣẹ́. Suzuki ní ilé iṣẹ́ ńlá, Pop ní ọwọ́ àti etí.

Lọ́jọ́ ọgbọ̀n, oṣù Keje, ọdún 1978, wọ́n ṣe ìdíje oníwákàtí mẹ́jọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní pápá Suzuka. Honda ló kọ́ pápá náà lọ́dún 1962. Honda náà ló ní alùpùpù RCB tó ti ń gba ipò kìíní lemọ́lemọ́ nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yúróòpù. Kò sẹ́ni tí kò rò pé nínú ilé ara rẹ̀ ni Honda ti fẹ́ jó.

Wákàtí mẹ́jọ nínú oòrùn oṣù Keje kì í ṣe eré fún ẹ́ńjìnnì. Kí alùpùpù yára nìkan kò tó, ó gbọ́dọ̀ dé òpin. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Suzuki GS1000 tí Pop tò ló gba ipò kìíní. Wes Cooley àti Mike Baldwin, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ló pín in gùn.

Ìdíje náà ṣì ń wáyé títí di òní. Lọ́dún 1980, Cooley àti Graeme Crosby, ọmọ New Zealand, tún fi alùpùpù Yoshimura borí ní pápá kan náà. Ní Amẹ́ríkà, Cooley fi alùpùpù Yoshimura gba ife ẹ̀yẹ Superbike lọ́dún 1979 àti 1980.

Kí ni ẹni tó ń wá mẹkáníìkì lè rí kọ́?

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, ọdún 1995 ni Pop Yoshimura dágbére fáyé, lẹ́ni ọdún 72. Ọmọ rẹ̀, Fujio, ló bá iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó mú kí wọ́n fọkàn tán an kò farasin. Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ sára alùpùpù. Bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́ níbi ìdíje, gbogbo èrò ìwòran ló mọ ilé ẹni tó tò ó. Bó bá sì gba ipò kìíní, kò sẹ́ni tó nílò láti polówó rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ra ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tán ní Kantamanto, tó wá ń wá ẹni tí yóò tò ó, kó má kọ́kọ́ béèrè iye owó. Kó béèrè ẹ́ńjìnnì tí ọ̀gá náà tò lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, kó sì lọ wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kó wò ó bóyá ọ̀gá náà ń fi irinṣẹ́ wọn písítìnì àti sílíńdà kó tó kó wọn pọ̀, àbí ojú lásán ló fi ń wò ó. Kó sọ fún un pé òun fẹ́ rí àwọn ẹ̀yà tó bá yọ dànù.

Kó sì tún bi í léèrè ohun tí ẹ́ńjìnnì náà kò ní lè ṣe. Mẹkáníìkì tó bá ní kò sí ohun tí kò ṣeé ṣe, kó yáa gbé alùpùpù rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ ibi tí agbára ẹ́ńjìnnì náà mọ fún un láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kó ti lọ sanwó.